Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú opó náà wá

Southampton,
Alẹ́ Sátidé.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè gun àtẹ̀gùn? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́rú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, èmi ni mi ò dáhùn. Má bínú. Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìṣẹ́jú méjì sọ sínú fóònù, ni mo bá wá bíírò àti ìwé. O kúkú mọ̀ mí. Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé Ìyá Oníyán, bí nǹkan bá ti wọ̀ mí lára jù, àfi kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lè sùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ da ìròyìn tó kù sílẹ̀: mo ti kúrò níbi iṣẹ́ alẹ́ yẹn, ẹ̀yìn mi sì ti ń fúyẹ́; ọmọbìnrin mi ti yege ìdánwò mọ́tò; ẹ̀gúsí tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀; òtútù ò tíì lọ.

Ó yá, gbọ́. Ìyá àgbà tí mo ń tọ́jú lópin ọ̀sẹ̀, ẹni ọdún 89 ni wọ́n, tíṣà ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Winchester kí ẹsẹ̀ àwọn tó kọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa, a wọ reluwé. Kàtídírà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó eegun àwọn ọba àtijọ́ sí, sínú àpótí igi mẹ́fà tí wọ́n kùn lọ́dà. Ní 1642, nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn jà nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ogun ya wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n tú àpótí, wọ́n da eegun kiri ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣà á padà, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti lágbájá mọ́. Láìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol wá to eegun wọ̀nyẹn lẹ́yọ lẹ́yọ, ó lé ní 1,300, wọ́n ní ó kéré tán èèyàn 23 ló ni ín. Wọ́n rí eegun obìnrin àgbàlagbà kan tó fọ́n sínú àpótí bíi mélòó kan. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Emma, olorì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Obìnrin tó fẹ́ ọba méjì, tó sì bí ọba méjì, eegun rẹ̀ ò sí lójú kan. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, Ìyá àgbà rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. O ní kí ni mo fẹ́ fi eegun olorì òyìnbó ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi, tí ẹbí ọkọ rẹ̀ tó kú fẹ́ ṣú lópó, wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni mò ń sọ, Àṣàkẹ́. Fara balẹ̀.

Emma kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Richard, olórí Normandy lápá àríwá Faransé, ni. Gunnor ìyá rẹ̀, ìran Denmark ni. Lásìkò yẹn, àwọn ará Denmark a máa fi ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á jó ìlú, wọ́n á kó èèyàn lẹ́rú, àfi bí ọba bá fi owó bẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1002 nìkan, pọ́n-ùn 24,000 ni Æthelred ọba san fún wọn. Bí wọ́n bá sì ti jà tán, etí òkun Normandy ni wọ́n ti ń sinmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrù. Æthelred wá rò ó pé bí òun bá di àna ẹni tó ni etí òkun náà, wọn ò ní ríbi forí pamọ́ sí mọ́. Bí wọ́n ṣe fi Emma dí ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó kọjá òkun lọ́dún 1002 yẹn, sí ilé ọkùnrin tó ti bí ọmọ rẹpẹtẹ fún ìyàwó mìíràn kó tó dé. Wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní Ælfgifu, orúkọ tí ìyá bàbá ọba ń jẹ́. O rántí pé títí di òní, “Ìyàwó” ni wọ́n ń pe àbúrò mi nílé yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá!

Kò tíì pé ọdún kan tó dé tí ọkọ rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ará Denmark tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ọdún 1002. Mo ń ro bí ìyàwó ọ̀ṣìngín tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ìran àwọn èèyàn yẹn yóò ṣe jókòó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dún kejì, ogun Denmark kó Exeter, ìlú tí ọba fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ìyàwó. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Hugh, ọmọ Faransé tí Emma fi ṣọ́ ìlú. Àjèjì náà ló bà á jẹ́. Ṣé kò dà bí ohun tí wọ́n sọ nígbà tí ọkọ àbúrò mi dùbúlẹ̀ àìsàn, pé ẹsẹ̀ ta ni ó gbé wọlé?

Kí n má fi ogun sú ọ. Ní 1013, Swein ọba Denmark gba ilẹ̀ náà, Emma sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Normandy, àwọn ọmọ rẹ̀ náà kọjá síbẹ̀: Edward, Alfred àti Godgifu tó jẹ́ ọmọbìnrin. Swein kú lọ́dún kejì, Æthelred padà dé orí ìtẹ́. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1016, Æthelred náà kú. Kí ọdún náà tó parí, Edmund, ọmọ tó jọba tẹ̀ lé e, ti bá bàbá rẹ̀ lọ, ni Cnut ọmọ Swein bá gba gbogbo ilẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Àwọn mọ́ǹkì a máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí 1017 ni pé, kí oṣù Kẹjọ tó wọlé, ọba ní kí wọ́n lọ mú opó Æthelred, ọmọ Richard, wá fún òun kí òun fi ṣaya. Ó tán. Àṣàkẹ́, wọn ò dárúkọ rẹ̀! Opó lágbájá, ọmọ lágbájá. Ìyá àgbà sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe opó ní èdè wọn nígbà náà, òun náà ni wọ́n fi ń pe ohun tó ṣẹ́kù. Ohun tí òkú fi sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni Emma wí nígbà tí ìránṣẹ́ ọba dé. Wọ́n ní kò sí nínú ohun tí àwọn mọ́ǹkì kọ.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe àbúrò mi lóṣù yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé fóònù? Àǹtí ọkọ rẹ̀ á sọ pé, “Ìyá Ìlú Òyìnbó, ẹ ò kú ìnáwó o, a ti sọ ọ́ tán, Ìyàwó ti gbà.” Wọ́n á wá gbé e fún un. Òun náà á ní, “Ohun tí ẹ bá sọ náà ni, Àǹtí mi.” Èmi ò tíì sọ nǹkan kan! Ìgbà wo ni ọmọ tó máa ń bá mi jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀ di ẹni tí ń sọ pé ohun tí mo bá sọ náà ni? Kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó kí a tó ṣe ọdún kan òkú, kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì lọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà wọn ní Ìkirun, kí ilé Òṣogbo wà “lábẹ́ ẹbí.” Ilé tó ta góòlù ìgbéyàwó rẹ̀ sí. Ìwọ lo bá a gbé góòlù náà lọ sọ́jà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, Ìyá àgbà bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n má sọ Emma di àgbò tí wọ́n ń fi okùn fà. Cnut ti ní ìyàwó kan nílẹ̀ tó ti bí ọmọkùnrin méjì fún un, òun náà Ælfgifu ni. Ìyálé àti ìyàwó, orúkọ kan náà! Nígbà tí Emma dàgbà, ó ní kí mọ́ǹkì kan láti Saint-Omer kọ ìwé nípa òun. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun kọ̀ jálẹ̀ títí Cnut fi búra pé ọmọ tí òun bá bí fún un ni yóò jọba, kì í ṣe ọmọ obìnrin kejì. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó di ẹni ńlá ju bó ṣe rí lọ́dọ̀ ọkọ àkọ́kọ́, ó ní ilẹ̀, ó ní ìṣúra. Wọ́n yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú Cnut níbi tí àwọn méjèèjì ti ń gbé àgbélébùú ńlá kalẹ̀ fún ilé àwọn mọ́ǹkì ní Winchester. Mo gbà. Mo tilẹ̀ bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúnàádúrà nígbà tí ogun ti yí ilé rẹ̀ ká, ṣé a lè ní ó wù ú?

Ìyá àgbà wá sọ ọ̀kan tó gbà mí lẹ́mìí. Nínú gbogbo ìwé tí Emma ní kí wọ́n kọ yẹn, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ Æthelred. Ọdún mẹ́rìnlá tó lò nílé rẹ̀, ìwé ò sọ ọ́; ó dárúkọ Edward àti Alfred, ṣùgbọ́n kò sọ pé Æthelred ni bàbá wọn. Bí ẹni pé Cnut ni ọkọ tó kọ́kọ́ mọ̀.

Ó ti tó oṣù méjì, Àṣàkẹ́, tí àbúrò mi ò ti dárúkọ ọkọ rẹ̀ sí mi létí. Ìwọ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe rí. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e pọ̀n kọjá àgbàrá níwájú gbogbo ará àdúgbò. Nígbà tó kọ́kọ́ kú, kò sí ọ̀rọ̀ tí a máa sọ tí kò ní sọ pé “Bàbá Tóbi ì bá ti ṣe báyìí.” Ó dákẹ́ lójijì. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ṣé ó ti ń gbàgbé ni, àbí ẹnìkan ti ní kó má dárúkọ rẹ̀ mọ́?

Ti àwọn ọmọ ló tún ń bà mí lẹ́rù jù. Edward àti Alfred kò bá ìyá wọn lọ sílé Cnut. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an ló gba ẹ̀mí wọn là, torí Cnut ò fẹ́ kí irú-ọmọ Æthelred ṣẹ́ kù nílẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n pa Eadwig, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ Æthelred bí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá wọn ní Normandy ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n ń gbọ́ pé ìyá àwọn ń tọ́ ọmọ mìíràn, Harthacnut tó bí fún Cnut, láti jọba. Cnut kú ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1035. Harthacnut wà ní Denmark, kò lè wá, ni Harold ọmọ ìyálé bá gba ìjọba, ó sì kó nínú ìṣúra Emma. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alfred wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú un lójú ọ̀nà, wọ́n yọ ojú rẹ̀, ó sì kú ní Ely. Lọ́dún kan náà yẹn ni Gunnhild, ọmọbìnrin tó bí fún Cnut, lọ sílé ọkọ lọ́dọ̀ ọmọ ọba Jámánì, ìgbéyàwó tí bàbá rẹ̀ ti ṣètò kó tó kú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kú sọ́hùn-ún. Mo ní kí Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1037 wọ́n lé Emma fúnra rẹ̀ kúrò nílùú, ó lọ forí pamọ́ sí Bruges. Nígbà tí Harold kú ní 1040, òun àti Harthacnut padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe ni pé ó ní kí wọ́n hú òkú Harold, kí wọ́n jù ú sínú irà. Ọdún méjì péré ló lò lórí ìtẹ́. Níbi ìnáwó ìgbéyàwó kan ní Lambeth ló ti ń mutí lórí ìdúró, ó ṣubú, ó kú. Ó wá ku Edward. Wọ́n gbé adé lé Edward lórí ní Winchester lọ́jọ́ Àjíǹde, ọdún 1043. O ò ní sọ pé ìyá ti bọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Edward gun ẹṣin láti Gloucester, òun àti ìjòyè mẹ́ta tó lágbára jù nílẹ̀ náà, wọ́n já lu ìyá rẹ̀ ní Winchester láìròtẹ́lẹ̀. Ó kó wúrà, ó kó fàdákà, ó gba ilẹ̀. Wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ìyá rẹ̀ ti le mọ́ ọn jù látijọ́, kò ṣe tó fún un bó ṣe fẹ́, kó tó jọba àti lẹ́yìn náà. Ọmọ tí wọ́n yà nídìí rẹ̀ ni, ó ní ìyá òun ò ṣe tó fún òun.

Emma gbé Winchester títí ó fi kú ní oṣù Kẹta, ọdún 1052, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá Cnut. Ìyá àgbà ṣì fẹ́ máa ṣàlàyé bí William tó wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ṣe jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó ṣe tipasẹ̀ Emma sọ pé ìbátan òun ni Edward. Mi ò gbọ́ èyí dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ Tóbi ló gba ọkàn mi. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó yọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan pé láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìkirun, ọmọ náà ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ nìkan ló ń gbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá!

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kí n wá, ìwé ìgbélùú mi sì wà lọ́wọ́ wọn, mi ò lè jáde kó tó dé. Bá mi lọ. Má lọ lọ́jọ́ tí ẹbí ń pàdé, má sì lọ bá a nínú ilé. Sọ pé o fẹ́ kó bá ọ wo àǹkárá tuntun, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o rán ọmọ iṣẹ́ jáde. Fún un lóúnjẹ kó jẹ tán. Lẹ́yìn náà kí o bi í léèrè pé: kí ló fẹ́? Má sọ ohun tí èmi fẹ́ fún un. Má sọ tìẹ náà. Bó bá ń sunkún, jẹ́ kó sun ún.

Bó bá sọ pé ó wu òun, mo gbà. Mi ò ní bínú. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, òun ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lóru lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó nílé, ẹnìkan ò sì sọ fún mi pé wọ́n bi ìyẹn náà léèrè. Bó bá sọ pé òun ò fẹ́, sọ fún un pé èmi yóò bá bàbá àgbà wọn sọ ọ́ fúnra mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ni n ó gba ẹ̀bi náà, kì í ṣe òun. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi fún ọdún yìí àti ọdún tó ń bọ̀. Kò sídìí tí wọ́n fi máa lọ sí Ìkirun nítorí oúnjẹ.

Àti ìwé ilé. Rìsíìtì góòlù, rìsíìtì ilẹ̀, sọ́fè, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò dúdú kan tó máa ń fi sábẹ́ aṣọ. Bó bá gbà, kó gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ. Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí o sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí o tọ́jú ìwé tìrẹ sí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀.

Bí Tóbi bá bá a wá, fi fóònù rẹ pè mí, kí o gbé e fún un, kí o sì jáde síta díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un.

Mo ti fi owó mọ́tò àti ti oúnjẹ sínú àkáǹtì rẹ, má bá mi jà. Òróró tí Màmá yóò máa fi ra orúnkún wà nínú ẹrù tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ti jọ jókòó tán, pè mí, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Fóònù á wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ.